Ìbéèrè Yín: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Ìrìn Náà Láti Cloondara

Nígbà tí mo mẹ́nu ba Royal Canal ti ilẹ̀ Ireland lójú ewé yìí lóṣù tó kọjá, ìpínrọ̀ kan péré ni mo fi sọ ọ́. Lẹ́tà yín kò jẹ́ kí n dákẹ́. Mo fi ojú ewé tòní sílẹ̀ fún un pátápátá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níbí. Ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Dublin ní kí á wá kí òun ní oṣù kẹfà, pé òun máa sanwó kí á fi bí ọ̀sẹ̀ kan rìn létí odò tí ẹ kọ nípa rẹ̀ yẹn. Ó ní kò ní sí amọ̀nà kankan, àwòrán ilẹ̀ ni wọ́n máa fún wa, ilé tí a máa sùn lálaalẹ́ á ti wà ńlẹ̀, mọ́tò á sì máa gbé ẹrù wa ṣíwájú. Ọkọ mi ní òun kò lè wọ bàálù kúrò ní Àbújá lọ fi ẹsẹ̀ rìn nílẹ̀ Òyìnbó, pé èyí tí òun rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Ìkàrẹ́ nígbà èwe ti tó òun. Èmi fẹ́ lọ. Ẹni ọdún 63 ni mí, orúnkún ọ̀tún mi a sì máa dùn mí bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Ṣé kí n gbà?
Ìyá kan ní Gwarinpa, Àbújá

ÌDÁHÙN: Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ti rin ọ̀nà yẹn láti ìwọ̀ oòrùn wọ Dublin. Orúnkún tiwa náà kì í ṣe ti ọmọdé mọ́, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé ọ̀nà náà kò ní bá orúnkún yín jà.

Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ odò náà, kánáàlì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Dublin ní 1790, iṣẹ́ dé Mullingar ní 1806, ó sì kan odò ńlá Shannon ní abúlé Cloondara ní 1817. Gbogbo rẹ̀ tó kìlómítà 146. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ nígbà náà. Ẹṣin ni wọ́n ń so okùn mọ́. Ẹṣin á máa rìn létí omi, ọkọ̀ tó kún fún ẹrù tàbí èrò á máa tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ẹṣin yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ yín máa tẹ̀. Nítorí ẹṣin ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, orúnkún yín ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Àfi ibi tí ìlẹ̀kùn omi (lọ́ọ̀kì) bá wà ni ọ̀nà ti máa ń dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kò sì le tó àtẹ̀gùn ilé alájà kan. Bí ẹ bá dé abẹ́ àwọn afárá òkúta àtijọ́, ẹ fọwọ́ pa igun wọn wò. Okùn àwọn ẹṣin wọ̀nyẹn ti ha òkúta náà wọnú, ipa rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú. Láti Cloondara dé Maynooth, apá tí wọ́n tún ṣe tí wọ́n sì ṣí ní 2021 lórúkọ Royal Canal Greenway, kìlómítà 130 ni. Bí ọmọ yín bá pín in sí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ kọ̀ ọ́ fún un; ìyẹn wà fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ ní kí ó pín in sí méje, kí ẹ sì fi odindi ọjọ́ kan sí i láti sinmi ní Mullingar. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní ìyọnu tirẹ̀: ìgbésẹ̀ kan náà ni ẹsẹ̀ ń gbé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ojú kan náà ni bàtà ń ha, ìléròrò kì í sì í pẹ́ yọ. Bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ láti Àbújá ni kí ẹ wọ̀ lọ, kì í ṣe èyí tí ọmọ rà dè yín. Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Ti òwú a máa mu òógùn, bó bá sì ti tutù tán, awọ ẹsẹ̀ ló máa ń bó.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa jí rìn kí oòrùn tó mú. Gwarinpa ní òpópónà tó gùn tó sì tẹ́jú, etí omi Jabi náà sì dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan, kí ẹ máa fi kún un títí ẹ ó fi lè rin wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé. Kí ẹ wá tún rìn lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ara ṣì ń ro yín. Ọjọ́ kejì yẹn ló máa sọ fún yín bóyá ara ti gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá ọmọ yín sọ jù lọ ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Maynooth. Mo mọ̀ pé ó máa fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó sún mọ́ Dublin. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Longford, kí takisí gbé yín dé Cloondara, kí ẹ wá máa rìn bọ̀ sílé. Atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Bí ẹ bá dojú kọ ìlà oòrùn, ẹ̀yìn yín ni atẹ́gùn àti òjò máa bá, kò ní máa gbá yín lójú. Òjò sì máa rọ̀, kódà ní oṣù kẹfà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, mo ṣì máa ní kí ẹ gbéra ní Cloondara, nítorí apá ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn 1,490 kan ti rìn wá.

Ní 1845, àrùn kan wọ oko ànàmọ́ ní Ireland, irú ànàmọ́ tí wọ́n ń kó wá fún wa láti Jos. Ewé rẹ̀ á dúdú, ọmọ rẹ̀ á jẹrà sínú ilẹ̀. Ànàmọ́ ni tálákà ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n fi ń dáko kì í sì í ṣe tiwọn. Ìyàn náà pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílùú. Ní Strokestown, ní agbègbè Roscommon, onílẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Denis Mahon. Wọ́n ṣírò fún un pé owó ọkọ̀ tó máa kó àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí Kánádà kéré sí owó tó máa fi bọ́ wọn nílé àwọn aláìní. Ní oṣù karùn-ún 1847, àwọn 1,490 gbéra ní Strokestown, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Cloondara, wọ́n sì tọ etí kánáàlì yìí títí dé èbúté Dublin. Ebi ń pa wọ́n lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó kó oúnjẹ lọ sí Dublin ń gba ojú omi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti Dublin wọ́n sọdá sí Liverpool, láti ibẹ̀ wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Quebec. Ó sún mọ́ ìdajì wọn tó kú sójú òkun tàbí sí àgọ́ àwọn aláìsàn ní erékùṣù Grosse Île. Wọ́n yìnbọn pa Mahon fúnra rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

National Famine Way ni wọ́n ń pe ipa ọ̀nà wọn báyìí, kìlómítà 165 láti Strokestown dé Custom House Quay ní Dublin. Lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó máa rí bàtà ọmọdé tí wọ́n fi idẹ rọ ní méjìméjì, ó ju ọgbọ̀n lọ. Bàtà gidi kan tí wọ́n bá nínú òrùlé koríko ilé kan nítòsí Strokestown ni wọ́n wò ṣe wọ́n. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn arìnrìnàjò máa ń mú dání láti lu òǹtẹ̀ sí. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti ka ìtàn Daniel Tighe, ọmọ ọdún 12 tó rìn láàárín wọn. Òun àti Catherine àbúrò rẹ̀ dé Quebec láàyè, ìran rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kàn ya fọ́tò àwọn bàtà wọ̀nyẹn kí ẹ sì kọjá. Àwa tí àwọn òbí wa ru ẹrù wá sí àríwá láti wáṣẹ́, tí àwọn mìíràn nínú wa sì tún di ẹrù kúrò ní Kánò tàbí Kàdúná lóru nígbà tí ìlú dàrú, a mọ ohun tí à ń wò bí a bá dé iwájú bàtà ọmọdé. Èmi àti àbúrò mi dúró pẹ́ níbi ti Cloondara, a kò sì bára wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku ibì kan tí gbígbéra láti Cloondara fi le. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan ló ra kánáàlì yìí ní 1845 kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tẹ́ irin wọn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti Mullingar wá sí Enfield, Kilcock àti Maynooth, irin àti omi jọ ń rìn ni, ẹni tó bá rẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀ oòrùn Mullingar, irin yà lọ sí Longford, ó fi omi sílẹ̀. Ibẹ̀ sì ni ẹ máa kọ́kọ́ rìn. Nítorí náà, kí ìrìn ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kúrú jù. Kì í ṣe pé ẹ ó kàn máa kánjú kọjá níbẹ̀ náà. Ní Keenagh, ẹ yà sí Corlea, kò jìnnà: ọ̀nà onígi kan wà nínú ilé níbẹ̀ tí wọ́n hú jáde láti inú àbàtà, igi óákù tí wọ́n gé ní nǹkan bí ọdún 148 ṣáájú ìbí Jésù, apá kan rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní Abbeyshrule, ẹ sùn. Abúlé kékeré tó mọ́ tónítóní ni, àwókù ilé àwọn ẹlẹ́sìn wà níbẹ̀, afárá tó gbé kánáàlì kọjá lórí odò wà nítòsí (mo sọ nípa rẹ̀ nínú ìdáhùn tó kàn). Ballymahon dára fún ọjà rírà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti bàbá, ẹ má bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n bá ọmọ jókòó ní Dublin nígbà tí ẹ bá ń rin apá ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n wá wọ ọkọ̀ wá pàdé yín ní Mullingar lọ́jọ́ ìsinmi yín. Láti ibẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n bá yín rin ọjọ́ kan péré, kí wọ́n padà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́ nítorí pé kò sówó mọ́tò kò ṣẹ̀ bó bá sọ pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ kí ènìyàn máa rìn láìsí ẹni tó ń dúró dè é pẹ̀lú pàṣán, pẹ̀lú ìyàwó ẹni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, láìsí agbọ̀n lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ṣiṣẹ́ ní Kadawa, níbi tí omi Tiga ti ń gba kánáàlì lọ sí oko tòmátì àti àlìkámà. Kánáàlì tí mo mọ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn wálẹ̀ ni. Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń ti Dublin gun òkè lọ sí àárín ìlú lórí omi? Ibo sì ni omi náà ti ń wá?
Òṣìṣẹ́ kan, Sabon Gari, Kánò

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá máa rìn níbẹ̀ mọ̀ ni. Kánáàlì tiyín gbọ́dọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ kí omi lè dé oko. Ti Royal Canal, wọ́n fẹ́ kí omi dúró jẹ́ ni, kí ẹṣin lè fa ọkọ̀ lọ kó sì fà á bọ̀. Wọ́n wá ṣe é ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan tẹ́jú, lọ́ọ̀kì ni wọ́n sì fi so ìpele kan mọ́ èkejì.

Lọ́ọ̀kì jẹ́ yàrá olókùúta tó ní ìlẹ̀kùn igi ńlá níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń gòkè á wọlé láti ìsàlẹ̀, wọn á ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Wọn á wá ṣí ojúhò kékeré lára ìlẹ̀kùn òkè, omi á máa wọlé, ọkọ̀ á máa léfòó sókè pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí omi inú yàrá bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti òkè, ìlẹ̀kùn iwájú á ṣeé ṣí, ọkọ̀ á jáde lọ. Kò sí póńpù, kò sí iná mànàmáná. Ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní abala méjì tó kọ igun síra wọn sí ọ̀dọ̀ omi, nítorí náà bí omi bá ṣe ń tì wọ́n tó ni wọ́n ṣe ń pa dé tó. Lọ́ọ̀kì 46 ló wà láti Dublin dé Shannon. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ níbi ọ̀kan, ẹ dúró wò ó tán; àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà kọ ìrànlọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ìdí ti ọ̀pá ìlẹ̀kùn.

Ẹ ti rí i pé gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, omi yàrá kan máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Òkè pátápátá kò gbọdọ̀ gbẹ. Adágún Lough Owel nítòsí Mullingar ló ń bọ́ ọ. Omi rẹ̀ wọ kánáàlì níbi tó ga jù, apá kan gba Dublin lọ, apá kan gba Shannon. Bí kánáàlì bá sì bá odò mìíràn pàdé lọ́nà, orí afárá ló ń gbà kọjá: ó kọjá lórí odò Boyne nítòsí Longwood, ó sì kọjá lórí odò Inny nítòsí Abbeyshrule, níbi tí wọ́n ń pè ní Whitworth Aqueduct. Ènìyàn á dúró lórí omi tó dákẹ́, á wá máa wo omi mìíràn tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kadawa gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ní 1961 ni wọ́n ti kánáàlì náà pa fún ọkọ̀, koríko sì bò ó. Láti 1974 ni àwọn aráàlú ti kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ Royal Canal Amenity Group, tí wọ́n ń fi ọjọ́ ìsinmi wọn ro ó, tí wọ́n sì ń tún àwọn lọ́ọ̀kì ṣe, títí ìjọba fi dá sí i. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2010 ni ọkọ̀ tún lè gba ibẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo ti rí bí iyanrìn àti koríko etí omi ṣe ń jẹ àwọn kánáàlì wa run níhìn-ín, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ohun tó ti dí ti dí náà nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní físà Ìlú Ọba tó ṣì ní oṣù mẹ́jọ. Ṣé mo lè fi wọ Ireland lọ rin ọ̀nà yìí? Ṣé mo lè di kílíṣí dání fún jíjẹ lọ́nà? Èmi nìkan ni mo máa lọ, ṣé kò séwu?
Alhaja kan, Kàdúná

ÌDÁHÙN: Rárá, Alhaja, kò lè gbé yín wọlé. Àdéhùn tó mú kí físà kan ṣiṣẹ́ ní ìlú méjèèjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà àti Íńdíà ló kàn. Ti Schengen náà kò wúlò níbẹ̀. Físà Ireland fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbà, ti ìgbà kúkúrú, tí kò ju ọjọ́ 90 lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìnnà. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Yúrò 60 ni owó rẹ̀ fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Wọn á wo àkọsílẹ̀ owó yín ní báńkì fún oṣù mẹ́fà. Nínú lẹ́tà tí ẹ máa kọ, ẹ má kọ pé ẹ̀ ń lọ rìn kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ kọ orúkọ ìlú tí ẹ máa sùn sí lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so ìwé ilé náà mọ́ ọn, kí ẹni tó ń kà á lè máa fọkàn bá yín rìn.

Kílíṣí kò ṣeé mú wọlé. Òfin Ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe nínú ẹrù ẹni tó ń ti òde wọn bọ̀. Ẹ̀pà, súìtì àti bisikíìtì tí ẹ bá rà níbẹ̀ ló máa gbé yín ró. Ẹ rà á kí ẹ tó kúrò ní ìlú tó ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí láàárín Mullingar àti Enfield ibi tí ènìyàn ti lè ra nǹkan kò pọ̀. Ihò iná wọn bá ṣájà wa mu, ẹ má ra ohun tí wọ́n fi ń so ṣájà mọ́ ihò iná tí wọ́n ń tà ní pápákọ̀ òfurufú. Ní oṣù kẹfà, Maghrib á sún mọ́ aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà ẹ ó ti dé ibùsùn yín kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ní ti ewu, èmi kò rí i kí ẹnikẹ́ni dí wa lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kí wa, a sì ń kí wọn padà. Omi ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ògiri lọ́ọ̀kì ga, ó sì ń yọ̀. Afárá kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Ẹ máa fi orúkọ èyí tí ẹ kọjá kẹ́yìn sọ́kàn, kí ẹ lè sọ ibi tí ẹ wà bí ẹ bá ní láti pe 112.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n kọ ìṣirò kan sára afárá kan lórí kánáàlì yìí? Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.
Olùkọ́ kan, Zaria

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá 1843, William Rowan Hamilton, onímọ̀ ìṣirò ará Ireland, àti ìyàwó rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn létí omi lọ sí ìpàdé ní Dublin. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọ̀nà láti ṣe ìṣirò pẹ̀lú nọ́ńbà tó lè sọ bí nǹkan ṣe ń yí ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ibi afárá Broom Bridge ní Cabra ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ṣí: nọ́ńbà mẹ́rin ni kó lò, kì í ṣe mẹ́ta. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gbẹ́ ọ sára òkúta: i² = j² = k² = ijk = −1. Wọ́n ṣì ń lò ó lónìí láti darí ọkọ̀ tó ń lọ sí òfurufú àti láti yí àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó gbẹ́ ti pa rẹ́. Òkúta tí Éamon de Valera, olórí ìjọba Ireland nígbà náà, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ ìṣirò rí, ṣí ní 1958 ló wà níbẹ̀ báyìí.

Láti Maynooth wọ Dublin, ọ̀nà rí gbágungbàgun ju ti Greenway lọ, pàápàá láàárín Clonsilla àti Castleknock, níbi tí wọ́n ti la àpáta tí omi fi jìn sísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ rìn ín, reluwé ìgboro Dublin tí wọ́n ń pè ní Luas, ti ipa aláwọ̀ ewé, parí sí ẹ̀gbẹ́ afárá náà gan-an. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Broombridge, kí ẹ wò ó, kí ẹ wá tọ etí omi rìn wọ ìlú.